Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Ìtọ́jú Nínú Ilé Àgbà: Ìtàn Tó Yẹ Kí A Gbọ́ Kí A Tó Kọ́lé

Ìgbìmọ̀ tó ṣe ètò ọjọ́ òní ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn sínú ìwé yìí, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó dá mi lójú pé ìtàn ogun Kírìjì ni wọ́n ń retí, tàbí ti bí àwọn bàbá wa ṣe bá rélùwéè dé Kàdúná níhìn-ín. Ẹ má bínú, ìtàn mìíràn ni mo gbé wá.

Ohun tó fà á ni ọ̀rọ̀ tó wáyé ní ìpàdé ọdọọdún wa tó kọjá. Ẹnìkan dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ́ ilé kan fún àwọn àgbà wa tí ọmọ wọn kò sí nítòsí mọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kí ó tó jókòó, owó ti ń wọlé. Èmi náà dáwó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wa tó béèrè pé, bí a bá kọ́ ilé náà tán tí àwọn àgbà wọ inú rẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ìtọ́jú ibẹ̀ dára tàbí kò dára?

Mo ní ìdí tí ìbéèrè yìí fi ń jẹ mí lọ́kàn. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa nínú ẹbí ń pè ní Màmá Kékeré, ni wọ́n tọ́ mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà lókè òkun, èmi sì wà ní Kàdúná. A wá ilé ìtọ́jú kan fún wọn nílé lọ́hùn-ún. N kò ní dárúkọ ilé náà, n kò sì ní dárúkọ ìlú tó wà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, orí mi wú: táìsì ń dán bí ojú dígí, òdòdó wà lẹ́nu ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ ńlá wà lẹ́yìn ilé, àwọn òṣìṣẹ́ wọ aṣọ kan náà. Mo san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá fẹ́ lọ kí Màmá, mo máa ń fi fóònù sọ fún wọn ṣáájú. Bí mo bá débẹ̀, wọ́n á ti wẹ̀ fún wọn, wọ́n á ti fi pọ́dà sí wọn lọ́rùn, wọ́n á ti gbé wọn sórí àga níta. Mo máa ń fi ìbàlẹ̀ ọkàn wọkọ̀ padà. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ Màmá Kékeré láìpẹ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ tìtìjútìtìjú. Ní 1834 ni àwọn aṣòfin wọn ṣe òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ àwọn òtòṣì. Wọ́n ní ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe tó sì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, kí ó wọ inú ilé kan tí wọ́n ń pè ní workhouse. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ibẹ̀ korò kí ènìyàn má baà fẹ́ lọ síbẹ̀. Àwọn tí ara wọn le ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn arúgbó àti àwọn aláìsàn ló wá kún ibẹ̀. Wọ́n ya ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n ya obìnrin sọ́tọ̀, ìbáà jẹ́ tọkọtaya tó ti jọ gbé fún ogójì ọdún. Ó di 1847 kí òfin tó gbà pé kí wọ́n má fi ipá ya tọkọtaya tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nípá.

Ní ìlú Andover, ní 1845, àṣírí kan tú. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn tó wà nínú workhouse ibẹ̀ ni pé kí wọ́n máa fọ́ egungun ẹran fún ajílẹ̀. Ebi pa wọ́n débi pé wọ́n ń du mùdùnmúdùn àti ẹran tó ti ń rùn lára egungun náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì wà lára ohun tó fọ́ àjọ tó ń darí gbogbo workhouse ká ní 1847. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì nínú ìtàn yìí ni pé ilé náà ní ìgbìmọ̀ alábòójútó, ó sì ní ìlànà oúnjẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ìwé wà. Ẹni tí yóò wo inú abọ́ ni kò sí.

Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san ní oṣù kìíní 1909, ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ fún àgbà aláìní tó ti pé àádọ́rin ọdún, gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ workhouse. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ṣe òfin mìíràn ní 1948 pé kí ìjọba ìbílẹ̀ máa pèsè ilé fún àgbà tó nílò ìtọ́jú. Aneurin Bevan, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, fẹ́ kí àgbà tó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ máa gbé níbẹ̀ bí ẹni tó sanwó yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ogun ti jẹ owó tán, ilé tuntun kò tó. Ní ibi púpọ̀, workhouse àtijọ́ ni wọ́n kùn lọ́dà tí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ibi tí a dé yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fi orúkọ ọkùnrin kan sọ́kàn: Peter Townsend. Onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 sí 1959, ó lọ wo ilé àgbà 173 ní England àti Wales, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ The Last Refuge jáde ní 1962. Kì í ṣe pé ó jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá ibẹ̀ kí ó máa mu tíì. Ó bá àwọn àgbà fúnra wọn sọ̀rọ̀, ó ya fọ́tò, ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀, ó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ bí òṣìṣẹ́ tó ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó nínú ọ̀kan lára àwọn workhouse àtijọ́ náà. Ó rí yàrá gbọ̀ngbọ̀n tí wọ́n to ibùsùn sí bíi ti ọmọ ilé-ìwé. Ó rí àga tí wọ́n tò mọ́ ògiri, tí àgbà jókòó sí láti àárọ̀ títí di alẹ́ láìrí ohun kan fi ọwọ́ ṣe. Nǹkan bí ìdajì àyè tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní fún àwọn àgbà ló ṣì wà nínú ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn, lẹ́yìn gbogbo ìlérí 1948.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni pé kò fi mọ sí ìbínú. Ó ṣe òṣùwọ̀n. Ó ní bí a bá fẹ́ mọ bí ilé àgbà kan ti dára tó, ọ̀nà márùn-ún ni ká gbà wò ó. Èkíní ni ilé fúnra rẹ̀ àti ohun èlò inú rẹ̀. Èkejì ni àwọn òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀kẹta ni ohun tí àgbà rí fi ọwọ́ ṣe lóòjọ́. Ẹ̀kẹrin ni òmìnira rẹ̀. Ìkarùn-ún ni àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn, nínú ilé àti lóde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀kẹrin yẹn ní èdè tiwa. Ṣé àgbà lè sùn nígbà tó bá wù ú, kó sì jí nígbà tó bá wù ú? Ṣé ó lè gba àlejò láìtọrọ àyè? Ṣé ó lè sọ pé òun kò jẹ àmàlà lónìí? Bàbá tó ti ń pàṣẹ fún odindi agbo ilé láti ọgbọ̀n ọdún, ṣé a ó máa sọ fún un pé agogo méje ti lù, kó lọ sùn? Ẹ ó sì rí i pé táìsì àti jẹnẹrétọ̀ kò kọjá èkíní. Èmi ti fi ọ̀kan péré nínú márùn-ún san owó oṣù mẹ́fà.

Èrò Townsend ni pé kí ìjọba dáwọ́ irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀ dúró díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa ran àgbà lọ́wọ́ nínú ilé tiwọn tàbí nínú ilé kékeré tó ní alábòójútó nítòsí. Wọn kò gba gbogbo rẹ̀. Àwọn olùwádìí mìíràn tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta ọdún, wọ́n padà wọ ogún nínú àwọn ilé 173 náà, ìwé tiwọn sì jáde ní 2010. Yàrá ti dára sí i púpọ̀, ọ̀pọ̀ àgbà ló ti ní yàrá tirẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ náà sì ti darúgbó jù, wọ́n sì ti ṣàárẹ̀ jù ti ìgbà Townsend lọ.

Obìnrin kan tún wà, Barbara Robb. Ní 1965, ó lọ kí ìyá arúgbó kan tó mọ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní London. Ohun tó rí níbẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Òun àti àwọn ènìyàn ńláńlá kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Times ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn kó kọ̀wé sí wọn. Lẹ́tà ya dé. Ó kó wọn jọ sínú ìwé kan tó pè ní Sans Everything, tó jáde ní 1967. Lára ẹ̀sùn inú rẹ̀ ni pé wọ́n ń gba awò ojú, eyín àtọwọ́dá àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lọ́wọ́ àwọn arúgbó, wọ́n á kó wọn pamọ́. Ìjọba ṣe ìwádìí, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn náà kò rí ẹsẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1969, ìwádìí mìíràn ní ilé ìwòsàn Ely ní Cardiff fi hàn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ọdún náà ni wọ́n sì dá àjọ alábẹ̀wò sílẹ̀ fún irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ka ti awò ojú yẹn, mo pa ìwé dé.

Ní ọjọ́ kan, mo ní ìrìn-àjò kan tó gba ìlú tí Màmá Kékeré wà kọjá, ọkọ̀ wa sì tètè dé. Mo yà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mẹ́gádì kọ́kọ́ dá mi dúró, ó ní òní kì í ṣe ọjọ́ àlejò. Nígbà tí mo wọlé, Màmá wà lórí ibùsùn, aṣọ ìdí wọn tutù. Ife omi wà lórí tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn kò dá mi mọ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Màmá, awò ojú yín ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ó wà ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n má baà fọ́ ọ." Mo béèrè ìgbà tí wọ́n ti gbà á. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Màmá Kékeré, ẹni tó máa ń ka Aláròyé láti ewé iwájú dé ti ẹ̀yìn, tí yóò sì tún bá ọ jiyàn lórí rẹ̀! Gbogbo ìgbà tí mo bá wá, wọ́n á gbé awò náà wọ̀ wọ́n lójú kí n tó dé.

Mo bi wọ́n pé èéṣe tí wọn kò sọ fún mi. Wọ́n ní wọn kò fẹ́ kí n rò pé owó tí mo ń san ń ṣòfò.

Mo fẹ́ bínú sí àwọn òṣìṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà wọ́n, ọmọbìnrin méjì ni mo rí fún àgbà mọ́kànlélógún. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé wọ́n jẹ òun lówó oṣù méjì. Kí ni ọmọ yẹn fẹ́ ṣe?

Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà rí gan-an nìyẹn. Láti 1965 tí ìjọba wọn ti dá Medicare àti Medicaid sílẹ̀, owó ya wọ ilé àgbà, àwọn oníṣòwò náà sì ya tẹ̀ lé e. Ẹ̀hónú pọ̀. Ẹgbẹ́ kan tí Elma Holder dá sílẹ̀ ní 1975 láti jà fún àwọn tó wà nínú ilé wọ̀nyí ṣe ohun kan tó rọrùn ní 1985: wọ́n lọ bi àwọn àgbà fúnra wọn, ó lé ní 400 ènìyàn ní ìlú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pé kí ni wọ́n ń pè ní ìtọ́jú tó dára. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló gba iwájú: kí wọ́n pọ̀ tó, kí wọ́n mọ iṣẹ́, kí wọ́n sì ní inú rere. Ní oṣù Kejìlá 1987, Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin tó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Òfin náà ní wọn kò gbọdọ̀ de àgbà mọ́ ibùsùn tàbí fi oògùn kùn ún lóorun nítorí kí iṣẹ́ lè rọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Ó ní kí alábẹ̀wò máa dé lójijì, kí àkókò tó wà láàárín ìbẹ̀wò kan àti òmíràn má ju oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé wọ́n fi owó ìtanràn tó lè tó dọ́là 2,000 lé orí ẹnikẹ́ni tó bá lọ ta ilé náà lólobó pé alábẹ̀wò ń bọ̀. Àṣé àwọn náà mọ̀!

Láti 2008 ni wọ́n ti ń fún ilé àgbà kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún. Fún ọdún púpọ̀, àwọn ilé náà fúnra wọn ló ń kọ iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní ránṣẹ́, ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fún ara rẹ̀ ní máàkì. Ó di 2016 kí ìjọba tó ní kí wọ́n máa fi ìwé owó oṣù jẹ́rìí sí i. Ní England, láti 2014, orúkọ mẹ́rin ni wọ́n ń lò dípò ìràwọ̀, láti orí èyí tó ta yọ dé orí èyí tí kò tó nǹkan, ilé náà sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ síbi tí àlejò yóò ti rí i.

Ẹ má jẹ́ kí a wá máa yinmú sí òyìnbó pé wọ́n ń kó àgbà dà sí ilé ibòmíràn. Òótọ́ ni pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ ìyá arúgbó kan nínú agbo ilé tí wọ́n pè ní àjẹ́ nítorí pé ó pẹ́ láyé? Agbo ilé náà kò ní alábẹ̀wò. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 16, sọ pé ìjọba yóò pèsè ìtọ́jú ọjọ́ ogbó fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Abala 6 inú òfin yẹn kan náà sì sọ pé a kò lè torí rẹ̀ gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ibi ìtọ́jú àwọn àgbà sílẹ̀ ní 2012, òfin tó dá àjọ àwọn àgbà sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà sì jẹ́ ti 2017. Ilé àgbà wà ní Yábàá àti ní Múṣin l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ bíi ti Amẹ́ríkà kò sí lẹ́nu ọ̀nà ilé àgbà tiwa. Àwa tí a fẹ́ gbé ẹnìkan lọ síbẹ̀ ni a ó wò ó fúnra wa.

Àwọn ọmọ wa tilẹ̀ wà tó mọ̀ ọ́n wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà lọ sí England nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn ní 2022, kí wọ́n tó tì í fún àwọn tuntun láti òkè òkun ní oṣù keje 2025. Àbúrò mi obìnrin kan wà lára wọn. Mo bi í pé kí ni òun máa kọ́kọ́ wò. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ má wo pálọ̀. Ẹ wo èékánná wọn. Ẹ wo bóyá ọwọ́ wọn tó omi. Ẹ gbọ́ aago tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́, kí ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kí ẹnìkan tó dáhùn. Kí ẹ sì lọ ní ọjọ́ Sunday, nígbà tí ọ̀gá kò sí." Ó ní kí n tún béèrè iye òṣìṣẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún kan.

A gbé Màmá Kékeré kúrò níbẹ̀ wá sí Kàdúná. Wọ́n lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó lọ sinmi. N kò ní purọ́ fún yín pé ilé tèmi dára ju ilé yẹn lọ ní gbogbo ọ̀nà. Wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀ wa lóru ọjọ́ kan, kò sí nọ́ọ̀sì, ìyàwó mi tó gbé wọn dìde ṣì ń jẹ̀rora ẹ̀yìn títí di òní. Bí Townsend bá gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ní ti ohun èlò àti òṣìṣẹ́, a ó gba òdo. Ṣùgbọ́n awò ojú wọn wà lójú wọn.

Mo ti rí àwòrán ilé tí wọ́n yà fún ẹgbẹ́. Ó lẹ́wà. Gbọ̀ngàn wà níbẹ̀, ògiri tí a ó kọ orúkọ àwọn tó dáwó sí náà wà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà nínú àgbàlá mi, ìgbésẹ̀ méjìlélógún ni láti yàrá tó jìnnà jù. Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn kò ní bá a lóru. Nínú ìṣirò tí akápò kà fún wa, bíríkì wà, símẹ́ǹtì wà, páànù wà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò sí níbẹ̀ rárá.

Èmi àti akọ̀wé ti lọ bá méje nínú àwọn àgbà wa tó ń gbé àwọn nìkan, a bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́. Ìyá kan ní kí a má kọ́ ọ síbi tí òun kò ti ní gbúròó ọjà. Bàbá kan ní kí kọ́kọ́rọ́ yàrá òun wà lápò òun. Ìyá mìíràn ní òun kò lọ síbi kankan, kí a bá òun wá ọmọ tí yóò máa pọn omi ni. Ìwé tí a kọ ọ̀rọ̀ wọn sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé lónìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá ní àgbà nílé, kí ó bi í, kí ó sì kọ èsì rẹ̀ kún un kí ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ tó jókòó ní oṣù tó ń bọ̀.